Ìka Tí Ó Ń Wí Pé Rárá
Bí àwọn ènìyàn ṣe ń rántí Dikembe Mutombo



Ẹ na ìka ìfábẹ̀lá yín sókè, èyí tí ó tẹ̀lé àtàńpàkò. Ẹ mì ín sí ọ̀tún. Ẹ mì ín sí òsì. Kí ni ẹ sọ yẹn? Ẹ kò la ẹnu, síbẹ̀ ọmọdé tí ó wà níwájú yín ti mọ̀ pé ẹ ní: « Rárá, má ṣe é. »

Ní ọjọ́ 30 oṣù kẹsàn-án ọdún 2024, ọkùnrin kan kú ní ìlú Atlanta, ní ilẹ̀ Amẹ́ríkà. Láti ọjọ́ náà, ọ̀pọ̀ ènìyàn káàkiri ayé bẹ̀rẹ̀ sí í na ìka kan náà sókè. Wọ́n ń mì ín. Àwọn kan ń rẹ́rìn-ín. Omi sì ń bọ́ lójú àwọn mìíràn. Orúkọ ọkùnrin náà ni Dikembe Mutombo. Agbábọ́ọ̀lù ni. Ọmọ Áfíríkà ni. Ó ti tó ọdún 15 tí ó ti fi bọ́ọ̀lù sílẹ̀ kí ó tó kú.

Kí ló dé tí ènìyàn fi ń sunkún ẹni tí kò bá jẹun rí, ẹni tí kì í ṣe ará ilé rẹ̀, tí kì í ṣe ará ìlú rẹ̀? Ohun tí a fẹ́ wádìí nínú ẹ̀kọ́ yìí nìyẹn.

Irú eré wo ni?

Kí ọ̀rọ̀ náà lè yé wa, ẹ jẹ́ kí a kọ́kọ́ mọ irú eré tí ọkùnrin yìí ń ṣe. Àwọn ọmọ ilé-ìwé wa ń pè é ní básíkẹ́ẹ̀tì. Bọ́ọ̀lù agbọ̀n ni, nítorí pé ọwọ́ ni a fi ń gbá a, inú agbọ̀n ni a sì ń jù ú sí. Ènìyàn 5 ni ó máa ń wà lórí pápá fún ẹgbẹ́ kọ̀ọ̀kan. Ní ìpẹ̀kun pápá méjèèjì, wọ́n gbé irin róbótó kan sókè, wọ́n so àwọ̀n mọ́ ọn. Láti ilẹ̀ dé ibi irin náà jẹ́ mítà 3 àti sẹ̀ǹtímítà 5.

Ọ̀pọ̀ òǹwòran a máa yin ẹni tí ó ju bọ́ọ̀lù wọ inú agbọ̀n. Ṣùgbọ́n iṣẹ́ mìíràn wà. Ẹnì kan gbọ́dọ̀ dúró nídìí agbọ̀n bí ẹ̀ṣọ́ tí ó dúró lẹ́nu ibodè. Bí ọ̀kan nínú àwọn ẹgbẹ́ kejì bá fò sókè láti ju bọ́ọ̀lù, ẹ̀ṣọ́ yìí náà á fò, á sì gbá bọ́ọ̀lù náà dànù lójú òfuurufú.

Iṣẹ́ náà kò rọrùn, nítorí pé òfin wà. Bí bọ́ọ̀lù bá ti ń sọ̀kalẹ̀ bọ̀ wá sínú agbọ̀n, ẹ̀ṣọ́ kò gbọdọ̀ fọwọ́ kàn án mọ́. Bí ó bá gbá ọwọ́ ẹni náà dípò bọ́ọ̀lù, ó jẹ̀bi. Bí ó bá tètè fò jù, ó kùnà. Bí ó bá pẹ́ kí ó tó fò, ó kùnà. Gíga nìkan kò tó. Ó gbọ́dọ̀ mọ àkókò. Iṣẹ́ ẹ̀ṣọ́ yìí ni iṣẹ́ Mutombo.

Ta ni Mutombo?

Wọ́n bí Dikembe Mutombo ní ọjọ́ 25 oṣù kẹfà ọdún 1966, ní Kinshasa, olú-ìlú ilẹ̀ Kóńgò. Ọmọ ẹ̀yà Luba ni. Ọmọ púpọ̀ ni àwọn òbí rẹ̀ bí. Bàbá rẹ̀, Samuel, jẹ́ ẹni tí ó fi ayé rẹ̀ ṣe iṣẹ́ ẹ̀kọ́. Orúkọ ìyá rẹ̀ ni Biamba Marie. Ẹ fi orúkọ ìyá yìí sọ́kàn, a óò tún padà sí i.

Kì í ṣe bọ́ọ̀lù ni ọmọ yìí bá lọ sí Amẹ́ríkà. Ní ọdún 1987, ó gba owó ìrànwọ́ ẹ̀kọ́, ó sì lọ sí yunifásítì Georgetown ní ìlú Washington. Dókítà ni ó fẹ́ dà, kí ó lè padà wá wo àwọn ará ilé rẹ̀ sàn. Nígbà tí ó dé ibẹ̀, ẹ̀yin òǹkàwé, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ má gbọ́ èdè Gẹ̀ẹ́sì rárá. Ọmọ ọdún 21 ni. Ó jókòó, ó bẹ̀rẹ̀ sí í kọ́ èdè náà láti ìpìlẹ̀, bí ẹ̀yin náà ti jókòó nínú kíláàsì yìí lónìí. Nígbà tí ó ṣe tán ní ọdún 1991, ìmọ̀ nípa èdè wà nínú ohun tí ó fi gba oyè jáde. Wọ́n sọ pé ó gbọ́ èdè 9. Faransé, Gẹ̀ẹ́sì, Pọtogí àti Sípáníìṣì wà nínú wọn, àti àwọn èdè ilẹ̀ rẹ̀ bíi Lìngálà àti Tshiluba. Kò ju èdè ìyá rẹ̀ nù nítorí pé ó gbọ́ èdè òyìnbó.

Gíga rẹ̀ jẹ́ mítà 2 àti sẹ̀ǹtímítà 18. Ilẹ̀kùn tí ẹ̀yin ń gbà wọlé láì tẹ orí ba, òun gbọ́dọ̀ tẹ̀ ba. Olùkọ́ eré bọ́ọ̀lù yunifásítì náà, John Thompson, rí i, ó sì pè é wá. Bí ó ti di agbábọ́ọ̀lù nìyẹn.

Àwọn akẹ́kọ̀ọ́ Georgetown ni wọ́n kọ́kọ́ fẹ́ràn rẹ̀. Wọ́n máa ń jókòó pọ̀ lẹ́yìn agbọ̀n. Nígbàkígbà tí Mutombo tàbí ẹnìkejì rẹ̀, Alonzo Mourning, bá gbá bọ́ọ̀lù dànù, wọn a fi àwòrán ọwọ́ ńlá kan kún ara aṣọ tí wọ́n ta. Ọwọ́ kan, ọwọ́ méjì, ọwọ́ mẹ́ta. Ní alẹ́ ọjọ́ tí eré bá dùn, aṣọ náà a kún fún ọwọ́.

Iṣẹ́ rẹ̀ lórí pápá

Ní ọdún 1991, ẹgbẹ́ agbábọ́ọ̀lù ìlú Denver mú un. Ẹgbẹ́ yìí jẹ́ ọ̀kan nínú àwọn ẹgbẹ́ ńlá Amẹ́ríkà tí a ń pè lápapọ̀ ní NBA. Ó gbá bọ́ọ̀lù fún ọdún 18, ní ẹgbẹ́ 6: Denver, Atlanta, Philadelphia, New Jersey, New York àti Houston.

Ẹ̀ẹ̀mẹrin ni wọ́n yàn án ní ẹ̀ṣọ́ tí ó dára jù lọ: ní ọdún 1995, 1997, 1998 àti 2001. Bọ́ọ̀lù 3.289 ni ó gbá dànù. Láti ìgbà tí NBA ti ń ka irú bọ́ọ̀lù bẹ́ẹ̀, láti ọdún 1973, ẹnì kan ṣoṣo ni ó gbá jù ú lọ. Ta ni ẹni náà? Hakeem Olajuwon ni, ọmọ Yorùbá tí wọ́n bí ní Èkó. Tirẹ̀ jẹ́ 3.830. Ẹ kíyè sí i: àwọn méjì tí ó ṣáájú gbogbo ènìyàn ní NBA nínú iṣẹ́ ẹ̀ṣọ́ yìí, ọmọ Áfíríkà ni àwọn méjèèjì.

Ọjọ́ kan wà tí àwọn tí ó fẹ́ràn rẹ̀ kò lè gbàgbé láéláé. Ní ọdún 1994, ẹgbẹ́ Denver pàdé ẹgbẹ́ Seattle. Seattle ti borí ní ẹ̀ẹ̀mẹ́tàlélọ́gọ́ta (63) ní ọdún náà, Denver ti borí ní ẹ̀ẹ̀méjìlélógójì (42) péré. Ẹgbẹ́ tí ó bá kọ́kọ́ borí ní ẹ̀ẹ̀mẹta ni yóò tẹ̀síwájú. Seattle borí lẹ́ẹ̀kan. Seattle tún borí. Gbogbo ènìyàn ní ó parí. Ṣùgbọ́n Denver borí ní ẹ̀ẹ̀kẹta, wọ́n borí ní ẹ̀ẹ̀kẹrin. Ní ọjọ́ karùn-ún, nínú ilé Seattle gan-an, eré náà dọ́gba títí wọ́n fi fi àkókò kún un. Denver borí, 98 sí 94. Irú rẹ̀ kò ṣẹlẹ̀ rí, kí ẹgbẹ́ tí ó kẹ́yìn nínú àwọn 8 borí ẹgbẹ́ tí ó ṣáájú. Mutombo di bọ́ọ̀lù náà mú, ó ṣubú sílẹ̀, ó dùbúlẹ̀ gbalaja, ó gbé bọ́ọ̀lù sókè lókè orí rẹ̀, ó ń rẹ́rìn-ín bí ọmọdé. Àwòrán yẹn ni ọ̀pọ̀ ènìyàn kọ́kọ́ mú jáde nígbà tí wọ́n gbọ́ pé ó kú.

Ìka náà

Ẹ̀yin yóò béèrè pé: ìka ńkọ́?

Bí Mutombo bá ti gbá bọ́ọ̀lù ẹnì kan dànù, a máa na ìka rẹ̀ gígùn sókè, a sì mì ín sí ẹni náà lójú: « Rárá. Kì í ṣe ní ilé mi. » Àwọn òǹwòran a pariwo. Àwọn ọmọdé a na ìka tiwọn náà. Nígbà tí ó yá, àwọn adájọ́ eré ní yẹ̀yẹ́ ni, wọ́n sì ń fìyà jẹ ẹgbẹ́ rẹ̀ nítorí rẹ̀. Kí ni Mutombo ṣe? Kò mi ìka sí ẹni tí ó bá a díje mọ́. Ó kọjú sí àwọn òǹwòran, ó mì ín sí wọn. Adájọ́ kò rí nǹkan kan sọ.

Àwọn tí ó fẹ́ràn rẹ̀ kò fi apá kejì ìtàn náà pamọ́. Ní ọdún 1997, ẹgbẹ́ Atlanta tí Mutombo wà nígbà náà pàdé ẹgbẹ́ Chicago. Michael Jordan, ìlú-mọ̀-ọ́n-ká agbábọ́ọ̀lù, fò sókè níwájú Mutombo, ó sì ki bọ́ọ̀lù bọ agbọ̀n lórí rẹ̀ mọ́lẹ̀. Ni Jordan bá yíjú padà, ó na ìka tirẹ̀, ó sì mì ín sí Mutombo. Títí di òní, wọ́n ń fi ìtàn yìí rẹ́rìn-ín. Wọ́n tún ń sọ nípa igbọ̀nwọ́ rẹ̀, tí ó le bí odó, tí ó sì ti ṣe ọ̀pọ̀ ènìyàn léṣe. Wọ́n ń sín ohùn rẹ̀ jẹ, nítorí ohùn rẹ̀ rinlẹ̀ bí ohùn ìyá ìlù.

Bẹ́ẹ̀ sì ni kò gba ife tí ó ga jù lọ nínú eré náà. Ó dé àṣekágbá lẹ́ẹ̀mejì, ní ọdún 2001 pẹ̀lú Philadelphia àti ní ọdún 2003 pẹ̀lú New Jersey. Wọ́n borí ẹgbẹ́ rẹ̀ nígbà méjèèjì. Ní ọdún 2009, orúnkún rẹ̀ yẹ̀ lórí pápá nígbà tí ó wà ní Houston, ó sì mọ̀ pé ó ti parí. Ọmọ ọdún 42 ni.

Nítorí náà, kì í ṣe ife ni àwọn ènìyàn fi ń rántí rẹ̀.

Alẹ́ tí ìyá rẹ̀ kú

Ní àwọn ọdún 1990, ogun àti rògbòdìyàn bo ilẹ̀ Kóńgò. Mutombo wà ní Amẹ́ríkà, ó ń rí owó púpọ̀. Ìyá rẹ̀ wà ní Kinshasa. Àìsàn kọlu ìyá náà ní ilé. Ṣùgbọ́n ìlú kò rọgbọ, òfin kónílé-ó-gbélé sì wà. Wọn kò rí ọ̀nà gbé e dé ilé ìwòsàn. Biamba Marie kú sínú ilé rẹ̀.

Ẹ̀yin tí ẹ ń gbé ní abúlé mọ irú nǹkan báyìí. Ẹ mọ bí òru ti ń gùn tó nígbà tí aboyún ń rọbí, tí kò sí ọkọ̀, tí ojú ọ̀nà kò dára. Owó lè wà lápò, kí ilé ìwòsàn má sí nítòsí. Ọmọ lè lówó lókè òkun, kí ìyá rẹ̀ kú nítorí ọ̀nà tí kò jù bí ìrìn díẹ̀ lọ.

Mutombo sunkún. Lẹ́yìn ẹkún, ó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́. Ó ti dá ẹgbẹ́ ìrànwọ́ kan sílẹ̀ ní ọdún 1997. Ó pinnu pé òun yóò kọ́ ilé ìwòsàn ní Kinshasa. Owó tí ilé náà gbà jẹ́ nǹkan bíi mílíọ̀nù 29 dọ́là. Ó tọrọ lọ́dọ̀ àwọn olówó, ó tọrọ lọ́dọ̀ àwọn agbábọ́ọ̀lù ẹlẹgbẹ́ rẹ̀. Èyí tí ó pọ̀ jù níbẹ̀, mílíọ̀nù 15, láti àpò òun fúnra rẹ̀ ni ó ti wá. Ó gba ọ̀pọ̀ ọdún. Ní ọdún 2007, ilé ìwòsàn náà bẹ̀rẹ̀ sí í gba aláìsàn. Ó ní ibùsùn 300. Wọ́n pè é ní ilé ìwòsàn Biamba Marie Mutombo. Ẹ rántí orúkọ tí a ní kí ẹ fi sọ́kàn.

Ẹ̀yin òǹkàwé, ẹ ronú sí i. Ọmọ yìí kúrò nílé láti lọ di dókítà. Kò di dókítà. Bọ́ọ̀lù ni ó gbá. Síbẹ̀, àwọn dókítà ń wo ènìyàn sàn ní Kinshasa lónìí nítorí rẹ̀. Àwọn àgbà wa ní: ọ̀nà kan kò wọ ọjà.

Kò dúró níbẹ̀. Ní ọdún 1996, nígbà tí àwọn obìnrin agbábọ́ọ̀lù ilẹ̀ rẹ̀ wá sí ìdíje Òlíńpíìkì ní Atlanta, òun ni ó san owó aṣọ àti ìnáwó wọn. Ó gba ọmọ 4 tí àwọn arákùnrin ìyàwó rẹ̀ bí kí wọ́n tó kú, ó tọ́ wọn bí ọmọ tirẹ̀. Ó gbà àwọn òbí níyànjú kí wọ́n jẹ́ kí ọmọ wọn gba oògùn àjẹsára tí ó ń dènà àrùn rọmọlápá-rọmọlẹ́sẹ̀. Ní ọdún 2021, ó ṣí ilé-ìwé kan nítòsí ìlú Mbuji-Mayi. Orúkọ bàbá rẹ̀, Samuel Mutombo, ni ó fi sọ ọ́. Ilé ìwòsàn fún ìyá, ilé-ìwé fún bàbá.

Àìsàn àti ikú

Ní oṣù kẹwàá ọdún 2022, àwọn ará ilé rẹ̀ kéde pé kókó kan wà nínú ọpọlọ rẹ̀, ó sì ti ń gba ìtọ́jú. Àrùn jẹjẹrẹ ni. Ọdún méjì ni ó fi bá a jà. Nígbà tí ó kú, ọmọ ọdún 58 ni.

Bí ìròyìn náà ti jáde, àwọn tí ó fẹ́ràn rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í sọ ìtàn. Ẹnì kan ní: mo pàdé rẹ̀ ní pápá ọkọ̀ òfuurufú, ó bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀ kí ó tó lè kí ọmọ mi. Ẹlòmíràn ní: bàbá mi ni ó mú mi lọ wò ó ní ọdún 1994, bàbá mi ti kú, Mutombo náà ti kú. Masai Ujiri, ọmọ Nàìjíríà tí ó jẹ́ ọ̀gá ẹgbẹ́ bọ́ọ̀lù ìlú Toronto nígbà náà, fẹ́ sọ̀rọ̀ nípa rẹ̀ níwájú àwọn oníròyìn ní ọjọ́ náà gan-an. Ọ̀rọ̀ kò jáde. Ẹkún ni ó jáde.

Kí ló dé tí wọ́n fi ń sunkún?

Ìdí mẹ́ta ni a rí.

Ìkínní: ẹni tí ó ń sunkún agbábọ́ọ̀lù ń sunkún apá kan nínú ayé ara rẹ̀. Ó ń rántí ọdún tí ó wà lọ́mọdé, àwọn tí wọ́n jọ jókòó, àwọn tí kò sí mọ́. Bí a bá gbọ́ orin kan tí ìyá wa ń kọ nígbà tí ó ń lọ ata, kì í ṣe orin nìkan ni a gbọ́.

Ìkejì: Mutombo fún àwọn ènìyàn ní ohun tí wọ́n lè mú lọ sílé. Kò sí ẹni tí ó lè fi gíga rẹ̀ ṣe tirẹ̀. Ṣùgbọ́n ta ni kò lè na ìka? Arúgbó lè nà á, ọmọ ọdún méjì lè nà á. Ẹni tí ó nà á di Mutombo fún ìṣẹ́jú kan.

Ìkẹta, èyí sì ni ó wúwo jù: ó lọ, kò gbàgbé ilé. Àwọn ará Amẹ́ríkà tí kò mọ Kinshasa rí ti gbọ́ orúkọ ìyá rẹ̀. Ilé ni àbọ̀ ìsinmi oko.

Yorùbá máa ń wí pé: ọjọ́ a bá kú là á dère, ènìyàn kò sunwọ̀n láàyè. Òtítọ́ ni. Ọ̀pọ̀ ènìyàn ni a kì í yìn títí ilẹ̀ yóò fi bò wọ́n. Ṣùgbọ́n Mutombo gbọ́ ìyìn tirẹ̀ pẹ̀lú etí rẹ̀. Ní ọdún 2015, wọ́n kọ orúkọ rẹ̀ sí ilé ọlá àwọn agbábọ́ọ̀lù agbọ̀n. Ẹgbẹ́ Atlanta àti ẹgbẹ́ Denver gbé aṣọ rẹ̀ kọ́ sókè, aṣọ nọ́ńbà 55, wọ́n sì ní ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ wọ nọ́ńbà náà mọ́ ní ẹgbẹ́ wọn. Ó wà láàyè, ó rí i, ó rẹ́rìn-ín, ó na ìka rẹ̀.

Nítorí náà, bí olùkọ́ rere kan bá wà ní àdúgbò yín, tàbí agbẹ̀bí tí ó ti gba ọ̀pọ̀ ọmọ, ẹ má dúró de ọjọ́ ìsìnkú. Ẹ lọ kí i lónìí. Ẹ ti mọ̀ ọ́n kọ báyìí: ẹ kọ orúkọ rẹ̀ àti ohun tí ó ṣe sínú ìwé, kí àwọn ọmọ lè kà á lọ́la.

Ẹ DÁHÙN ÀWỌN ÌBÉÈRÈ WỌ̀NYÍ

1. Kí ni Mutombo fẹ́ dà nígbà tí ó lọ sí Amẹ́ríkà?
2. Kí ni òfin sọ nípa bọ́ọ̀lù tí ó ti ń sọ̀kalẹ̀ bọ̀ wá sínú agbọ̀n?
3. Kí ló dé tí ìyá Mutombo kò fi dé ilé ìwòsàn? Báwo ni ibi tí ilé ìwòsàn wà ṣe jìnnà sí ilé tiyín tó?
4. Bọ́ọ̀lù mélòó ni Olajuwon gbá dànù ju ti Mutombo lọ? Ẹ ṣe ìṣirò rẹ̀.
5. Ta ni ẹni kan ní ìlú yín tí ó yẹ kí a yìn nígbà tí ó wà láàyè? Ẹ kọ ìlà 5 nípa rẹ̀.